Ta ló jogún ìwà akin oyin tí kò bímọ?

Ọlọ́sìn oyin kan ní agbègbè Òkè-Ògùn ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ó ti lé ní ọdún mẹ́fà tí mo ti ń sin oyin. Bí mo bá ṣí àpótí wọn, wọn a ta mí, èyí tó bá sì ta mí a kú. Ọmọ mi tó wà ní girama kà á fún mi nínú ìwé rẹ̀ pé ẹ̀dá tó bá bímọ jù ni ìwà rẹ̀ máa ń gbilẹ̀ láyé. Mo wá bi í pé: oyin tó ta mí yìí kò bímọ rí, kò sì ní bí títí tó fi kú. Ta ló wá jogún ìwà akin rẹ̀? Ọmọ kò rí i dáhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tú u. Ẹ sì sọ fún mi, ṣé ohun tí àwọn onímọ̀ ń sọ ni pé kò sí ẹranko tó ń ṣoore láti inú wá?"

Ẹ kú iṣẹ́ oyin náà. Ìbéèrè tí ẹ bi ọmọ yín yìí, Charles Darwin, onímọ̀ ẹ̀dá alààyè ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, bi ara rẹ̀. Àlàyé tó ṣe fún aráyé kò ṣòro: ìwà tàbí ìrísí tó bá jẹ́ kí ẹ̀dá bí ọmọ tó yè ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni yóò máa pọ̀ sí i, torí àwọn ọmọ náà ni yóò jogún rẹ̀. Àmọ́ nígbà tó kan èèrà àti oyin, ọ̀rọ̀ náà há. Nínú ìwé tó gbé jáde ní 1859, ó jẹ́wọ́ pé àwọn kòkòrò tí kì í bímọ yìí kọ́kọ́ dà bí ìṣòro tí òun kò lè borí, tó lè wó gbogbo àlàyé òun palẹ̀. Nítorí náà, kí ojú má ṣe ti ọmọ yín rárá.

Ibi tí Darwin ti rí ọ̀nà àbáyọ yóò yé ẹ̀yin ọlọ́sìn ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ó wo màlúù. Bí alápatà bá pa màlúù kan, tí ẹran rẹ̀ rí gẹ́lẹ́ bí a ṣe ń fẹ́ kó rí, màlúù yẹn ti kú, kò lè bímọ mọ́. Síbẹ̀ ẹni tó ni agbo kì í ká ọwọ́ lérí. Yóò padà sídìí ìyá àti bàbá màlúù náà, yóò máa mú wọn bímọ, irú ẹran bẹ́ẹ̀ yóò sì tún jáde. Ohun tí a rí lára èyí tó kú ṣì wà ní ìpamọ́ lára ẹbí rẹ̀. Ìdáhùn yín nìyẹn ní kúkúrú: ìyá oyin ló ń gbé ìwà akin yẹn dé ìran tó ń bọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kì í jáde wá ta ẹni tó bá wá kó oyin.

Àmọ́ èyí nìkan kò tó. Kò sọ fún wa ìgbà tí oore máa ń jẹ́ èrè àti ìgbà tó máa ń jẹ́ àdánù. Ìdí ni pé Darwin kò mọ ohun tí ẹbí ń pa mọ́ síra lára yìí. Àwa mọ̀ ọ́n lónìí: jíìnì ni, ìlànà tín-tìn-tín inú sẹ́ẹ̀lì tí òbí fi ń fún ọmọ ní ìrísí àti ìwà. Ẹni tó fi jíìnì ṣe ìṣirò ọ̀rọ̀ náà dé ìdí ni William Hamilton, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí ní Cairo ní 1936. Nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní London, ó ń dá wà, iṣẹ́ tó dáwọ́ lé kò sì fi bẹ́ẹ̀ yé àwọn olùkọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ilé ìkàwé lálẹ́, a lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ibùdókọ̀ ojú irin Waterloo, a máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ níbẹ̀, kí ó ṣáà lè wà láàárín èrò. Mo máa ń rántí èyí: ọkùnrin tó dá wà láàárín àjèjì ló jókòó ṣírò ìdí tí ẹbí fi ń ran ẹbí lọ́wọ́. Ní 1963 ó lọ sí Bràsíl lọ wo àwọn agbọ́n ibẹ̀ lọ́dọ̀ Warwick Kerr, onímọ̀ oyin tó kó oyin ilẹ̀ Áfíríkà wọ Bràsíl ní 1956. Ìbátan oyin tó wà nínú àpótí yín ni oyin tó kó lọ náà. Ní 1964 ni iṣẹ́ Hamilton jáde.

Gbogbo ohun tó sọ wọnú ìlà kan: ìwà oore yóò gbilẹ̀ bí r × b bá ju c lọ. Ohun tí olóore pàdánù ni c, iye ọmọ tí òun ì bá bí la sì fi ń wọ̀n ọ́n. Èrè tí ẹni tó gba oore rí ni b, iye ọmọ tó ti ibẹ̀ kún tirẹ̀ la fi ń wọn ìyẹn náà. Bí àwọn méjèèjì ṣe bá ara wọn tan tó ni r.

Àwa Yorùbá kò ṣàjèjì sí r yìí. Àwọn baba wa kò pa iyèkan àti ọbàkan pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò pe ọmọ ìyá ní ọmọ àbúrò bàbá. Bí jíìnì kan bá wà lára yín, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀dà rẹ̀ wà lára ọmọ yín ní 1/2, torí ìdajì ni ẹ fún un, ìyá rẹ̀ sì fún un ní ìdajì tó kù. Lára ẹni tí ẹ jọ ní ìyá kan bàbá kan, 1/2 náà ni. Lára ọbàkan yín, 1/4. Lára ọmọ tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín bí, 1/4. Lára ọmọ àbúrò bàbá yín, 1/8. John Maynard Smith, ẹni tó fún ọ̀rọ̀ yìí ní orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é, ìyẹn àṣàyàn nípasẹ̀ ẹbí, a máa sọ pé olùkọ́ òun, J. B. S. Haldane, ti wí ní ilé ọtí kan pé òun yóò fi ẹ̀mí òun lélẹ̀ fún ọmọ ìyá méjì tàbí fún ọmọ àbúrò bàbá mẹ́jọ. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀, yóò bára mu.

A ní òwe kan pé okùn ọmọ ìyá yi. Ìṣirò yìí kò fún iyèkan tí bàbá wọn yàtọ̀ ní ohun tó ju ti ọbàkan lọ, 1/4 ni àwọn méjèèjì. Àmọ́ láàárín ọ̀pọ̀ ẹran tó ń fọ́mọ lọ́mú, ọmọ ìyá ló ń dàgbà pọ̀, wọn kì í sì í mọ ẹni tí bàbá ń ṣe, nítorí náà ọmọ ìyá ni wọ́n máa ń dá mọ̀ tí wọ́n sì ń ràn lọ́wọ́. Òwe náà kò jìnnà sí òtítọ́ inú igbó.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú àpótí yín wàyí. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ya Hamilton lẹ́nu. Ẹyin tí ìyá oyin bá pọ̀ mọ́ àtọ̀ akọ ló ń di abo, ìyẹn oníṣẹ́ (irú èyí tó ta yín) tàbí ìyá oyin mìíràn. Ẹyin tí kò bá pọ̀ mọ́ àtọ̀ ló ń di akọ. Akọ oyin kò ní bàbá, bàbá àgbà nìkan ló ní. Nítorí pé ẹ̀dà jíìnì kan ṣoṣo ló wà lára akọ, gbogbo rẹ̀ pátá ló ń fún ọmọ rẹ̀ obìnrin, kò pín in. Oníṣẹ́ méjì tó bá ní ìyá kan bàbá kan wá jọra ju ọmọ ìyá lásán lọ: r wọn jẹ́ 3/4. Ìyẹn ni pé, ká ní oníṣẹ́ lè bí ọmọ obìnrin tirẹ̀, 1/2 péré ni yóò rí lára ọmọ náà, àmọ́ 3/4 ló ń rí lára àbúrò tó ń tọ́. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni inú rẹ̀ dùn nígbà tí wọ́n rí èyí. Wọ́n ní ìdí tí oyin, èèrà àti agbọ́n fi ń fi ara wọn jìn fún ilé ti hàn sójútáyé.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé dúró sí, mo sì fẹ́ kí ọmọ yín má dúró síbẹ̀, torí kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Ní 1976, Robert Trivers àti Hope Hare fi hàn pé bí 3/4 ṣe wà láàárín obìnrin sí obìnrin, 1/4 ló wà láàárín oníṣẹ́ àti arákùnrin rẹ̀. Bí ẹ bá pa méjèèjì pọ̀ tí ẹ pín in sí méjì, 1/2 lẹ tún padà dé. Èyí tó le jù ni pé ìyá oyin kì í gba akọ kan. Nígbà tó bá fò jáde lọ gba akọ, akọ 10 sí 20 ló lè bá pàdé lójú òfurufú, yóò sì pa àtọ̀ gbogbo wọn mọ́ sínú ara rẹ̀. Ìyá kan náà ló bí oyin tó wà nínú àpótí yín, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ni bàbá wọn yàtọ̀. Iyèkan ni wọ́n. Bí akọ bá jẹ́ 10, ìbátan láàárín oníṣẹ́ sí oníṣẹ́ a lọ sílẹ̀ dé nǹkan bíi 0.3.

Ikán tún wá ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ pátápátá. Ẹ rántí èsúnsún tó ń rọ́ jáde nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí àwọn ọmọdé ń gbé abọ́ omi sábẹ́ iná láti kó. Ikán tó fẹ́ lọ dá ilé tirẹ̀ sílẹ̀ ni wọ́n. Akọ kan àti abo kan a gé ìyẹ́ dànù, wọn a wọ inú ilẹ̀ lọ, wọn a sì di ọba àti ayaba ilé tuntun, wọn kì í sì í kọ ara wọn sílẹ̀. Ikán kò ní ìṣirò 3/4 kankan, tọkùnrin tobìnrin wọn ló ní ìyá àti bàbá bíi tiwa. Síbẹ̀ ẹ wo òkìtì tí ikán ńlá ilẹ̀ wa ń kọ́, tó ga ju ènìyàn lọ, pẹ̀lú oko olú tí wọ́n ń dá sínú rẹ̀ àti àwọn jagunjagun tó ń ṣọ́ ilé. Bí kò bá sí 3/4 níbẹ̀, tí ìfara-ẹni-jìn náà sì wà, a jẹ́ pé 3/4 kọ́ ni kókó.

Kókó náà ni ìgbéyàwó ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó fi oyin, èèrà àti agbọ́n wé ara wọn ní 2008 rí i pé níbikíbi tí àwọn oníṣẹ́ tí kì í bímọ ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, akọ kan ṣoṣo ni ìyá ń gbà nígbà náà. Bí ìyá bá ní ọkọ kan, tí ẹ sì pa àbúrò ọkùnrin àti obìnrin pọ̀ pín sí méjì, àbúrò jẹ́ 1/2, ọmọ ẹni náà jẹ́ 1/2. Òṣùwọ̀n méjèèjì dọ́gba. Bí jíjókòó sílé tọ́ àbúrò bá wá mú èrè díẹ̀ wá ju lílọ dá ilé tuntun sílẹ̀ nínú ewu, díẹ̀ yẹn ti tó. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìran, ara oníṣẹ́ yí padà débi pé kò lè gba akọ mọ́. Ìgbà tó ti dé ibẹ̀ ni ìyá oyin tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba akọ púpọ̀, ilé kò sì tú nítorí rẹ̀, torí oníṣẹ́ kò ní ibòmíràn tí yóò lọ.

Ẹ wá fi ojú èyí wo oyin tó ta yín. Kò lè gba akọ, kò sì lè dá ilé sílẹ̀. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lọ ní àsìkò iṣẹ́, ó sì ti fi èyí tó pọ̀ níbẹ̀ tún inú ilé ṣe, torí àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, tí ó ń jáde lọ wá oúnjẹ. c rẹ̀ kéré gan-an. Ní òdìkejì, ìyá oyin, àwọn ọmọ inú afárá àti oyin tí ilé yóò jẹ wà nínú ewu ọwọ́ yín. b tóbi. Abẹ́rẹ́ oró rẹ̀ ní eyín-ẹ̀gún tó ń há sínú awọ ènìyàn tàbí ẹran, tó ń já kúrò lára rẹ̀ pẹ̀lú àpò oró, àpò yẹn a sì máa fún oró síni lára lẹ́yìn tí oyin ti fò lọ. Bó bá jẹ́ kòkòrò ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ta, kì í há, kì í sì í kú. Òórùn tó ń jáde níbi tó ti ta yín, tó dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, ni ó fi ń ké sí àwọn yòókù. Èéfín tí ẹ ń fọn máa ń bo òórùn yẹn mọ́lẹ̀, ẹ̀yin náà ti ń lò ó láti ọjọ́ yìí.

Kí ẹ má sì rò pé ìfẹ́ nìkan ló so ilé oyin ró. Oníṣẹ́ kò lè gba akọ lóòótọ́, àmọ́ ó lè yé ẹyin tí kò ní àtọ̀, èyí tí yóò di akọ. Bí ọ̀kan bá yọ́ lọ yé e, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a wá a rí, wọn a sì jẹ ẹ́. Francis Ratnieks àti Kirk Visscher ló fi èyí hàn ní 1989. Ìdí rẹ̀ tún wà nínú ìṣirò: nínú ilé tí bàbá pọ̀, ọmọkùnrin tí ìyá oyin bí bá oníṣẹ́ tan ju ọmọkùnrin tí iyèkan rẹ̀ bí lọ. Wọ́n ń ṣọ́ ara wọn.

Bí ìṣọ́ yẹn bá sì fọ́, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kì í dára. Ní Gúúsù Áfíríkà, irú oyin kan wà ní Kéèpù tí oníṣẹ́ rẹ̀ lè yé ẹyin tó ń di abo láìgba akọ. Ní 1990, àwọn ọlọ́sìn kó irú oyin yìí lọ sí àríwá orílẹ̀-èdè náà, wọ́n gbé e sítòsí oyin ibẹ̀. Oníṣẹ́ oyin Kéèpù bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé onílé, wọ́n ń yé ẹyin síbẹ̀, onílé ń bọ́ wọn, àwọn ọmọ wọn kì í sì í ṣiṣẹ́. Ilé oyin tú lọ́pọ̀lọpọ̀. Ẹni tó bá rò pé oyin ń fi ara jìn fún gbogbo oyin ayé, kó wo ibẹ̀ yẹn.

Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ọ̀rọ̀ tí mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn ènìyàn, títí kan àwọn olùkọ́, ni pé ẹranko ń ṣoore "kí ẹ̀yà wọn má bàa run." Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí kìnnìún akọ tuntun bá lé àwọn ti tẹ́lẹ̀ kúrò nínú agbo, ó máa ń pa àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tó bá níbẹ̀, kí àwọn ìyá wọn lè tètè lóyún fún òun. Ẹ̀yà kìnnìún kò jèrè kankan níbẹ̀. Kìnnìún kan náà yìí ni Craig Packer àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wò ní Serengeti, ní ilẹ̀ Tanzania. Wọ́n rí i pé àwọn akọ tó jọ ń rìn ní méjì tàbí mẹ́ta lè má bá ara wọn tan, torí olúkúlùkù wọn ni yóò rí ọmọ bí. Níbi tí wọ́n bá ti pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, tí àwọn kan nínú wọn kò ní rí abo gùn, ẹbí ni gbogbo wọn. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn.

Ìkún náà jẹ́rìí sí i. Ní Tioga Pass, lórí òkè ní Kalifóníà, Paul Sherman jókòó ti àwọn ìkún kan fún ọdún mélòó kan, ó sì kọ ohun tó rí jáde ní 1977. Bí ẹran apẹran bá yọ láti orí ilẹ̀, ìkún kan a ké kí àwọn yòókù lè sá. Igbe yẹn léwu fún ẹni tó ké, torí ojú ọdẹ a yí sí i. Ta ló ń ké? Àwọn obìnrin ni, àgàgà èyí tó ní ọmọ tàbí ọmọ ìyá nítòsí. Ọkùnrin ìkún máa ń kúrò níbi tí wọ́n bí i sí, àjèjì ló máa ń yí i ká, kì í sì í ké tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ àwòdì ló já láti òkè, tọkùnrin tobìnrin ló ń ké, nítorí ẹni tó bá ké tó sì sáré kì í sábà bọ́ sọ́wọ́ àwòdì. Igbe kan jẹ́ oore sí ẹbí, èkejì jẹ́ ààbò ara ẹni. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ wo ìyàtọ̀ yẹn yóò pe méjèèjì ní orúkọ kan.

Nínú gbogbo àpẹẹrẹ tí mo mọ̀, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ẹyẹ kan ní Kẹ́ńyà tó ń jẹ oyin, tí iwájú orí rẹ̀ funfun. Stephen Emlen àti Peter Wrege fi ọ̀pọ̀ ọdún wò ó ní agbègbè Nakuru. Inú ihò tí wọ́n gbẹ́ sí ara ògiri ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé, tẹbí tará. Oúnjẹ kì í tó, ebi a sì pa ọ̀pọ̀ ọmọ kú nínú ihò. Ẹni tó bá rí olùrànlọ́wọ́ kan tó ń bá a gbé oúnjẹ wá, ọmọ tó yè fún un a pọ̀ sí i. Ẹni tó bá sì fẹ́ ran ẹnì kan lọ́wọ́, ẹbí tó sún mọ́ ọn jù ló ń yàn.

Ibi tó dùn nìyí. Ọmọkùnrin tó ti gbéyàwó a bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ihò tirẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó, bàbá rẹ̀ a wá dé. Bàbá a lé e, a dí ẹnu ihò rẹ̀, kò ní jẹ́ kó gbé oúnjẹ fún ìyàwó rẹ̀, títí ọmọ a fi pa ilé rẹ̀ tì, tí yóò padà wá bá bàbá tọ́ àwọn àbúrò rẹ̀. Kí ló dé tí bàbá fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí ló sì dé tí ọmọ kì í fi í bá a jà tó bó ṣe yẹ? Ọmọ tí bàbá fúnra rẹ̀ bí jẹ́ 1/2 fún un, ọmọ ọmọ rẹ̀ jẹ́ 1/4. Bàbá ń jèrè. Àmọ́ lójú ọmọ, ọmọ tirẹ̀ jẹ́ 1/2, àbúrò rẹ̀ jẹ́ 1/2. Kò fi bẹ́ẹ̀ pàdánù nǹkan bó bá gbà. Ìjà inú ẹbí nìyí, ìṣirò ẹbí kan náà ló sì sọ ẹni tí yóò tẹ́ríba. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka iṣẹ́ yìí ni mo tó gbà tọkàntọkàn pé ohun tí Hamilton kọ kì í ṣe eré orí ìwé.

Gbogbo oore kọ́ ló wá ń tọ ọ̀nà ẹbí. Òòbẹ̀ kan wà ní Costa Rica tí ẹ̀jẹ̀ ẹran nìkan ni oúnjẹ rẹ̀, bí kò bá sì rí mu fún bí òru méjì sí mẹ́ta, yóò kú. Gerald Wilkinson rí i, ó sì kọ ọ́ ní 1984, pé èyí tó yó a máa pọ ẹ̀jẹ̀ fún èyí tí ebi ń pa. Ẹbí a máa ṣe é fún ẹbí, àmọ́ ẹni tí kì í ṣe ẹbí náà a máa ṣe é fún ẹni tí wọ́n ti jọ ń gbé pẹ́. Lẹ́yìn náà, Gerald Carter rí i pé ẹni tó ti fún òòbẹ̀ lóúnjẹ rí ló ń tètè rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn sì wúwo ju ìbátan lọ. Ọ̀tún ń wẹ òsì, òsì ń wẹ ọ̀tún. Ìṣirò tó gbé irú oore yìí ró yàtọ̀, Trivers ló ti ṣàlàyé rẹ̀ láti 1971.

Àríyànjiyàn ò tíì tán láàárín àwọn onímọ̀. Ní 2010, Martin Nowak, Corina Tarnita àti Edward Wilson kọ̀wé pé ìṣirò Hamilton kò ní ìwúlò tó bí a ṣe ń gbé e gẹ̀gẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn onímọ̀ tó ju 130 lọ fọwọ́ sí èsì pé àwọn kò fara mọ́ ọn. Èmi wà lọ́dọ̀ àwọn tó fọwọ́ sí èsì, torí ìkún Tioga àti ẹyẹ Nakuru kò ní àlàyé mìíràn tó mọ́lẹ̀ tó èyí.

Ó ku ìbéèrè yín kejì, bóyá kò sí ẹranko tó ń ṣoore láti inú wá. Oyin kò mọ 1/2, kò sì mọ 3/4. Kò tilẹ̀ jọ pé ó ń ya ẹni tí wọ́n jọ ní bàbá sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù nínú ilé. Òórùn ilé ló mọ̀: ẹni tó bá gbóòórùn bíi ti ilé, ará ilé ni. Nílùú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹyẹ kékeré onírù gígùn kan wà tó ń ran ẹbí lọ́wọ́ bí ìtẹ́ tirẹ̀ bá fọ́. Ohùn àwọn tó tọ́ ọ dàgbà ló ń kọ́ nígbà tó wà ní kékeré, ohùn yẹn ló sì fi ń mọ ẹbí. Àwọn ìlànà báyìí ni ẹ̀dá ń tẹ̀ lé, wọ́n sì máa ń ṣìnà nígbà mìíràn. Ẹ̀yin náà ti rí ẹ̀gà tó kọ́ ìtẹ́ rẹpẹtẹ sórí ọ̀pẹ. Ẹyẹ kan wà, ara rẹ̀ ń dán bí ewé tútù, tó máa ń yọ́ wá yé ẹyin tirẹ̀ sínú ìtẹ́ ẹ̀gà. Bí ẹ̀gà kò bá dá a mọ̀, yóò sàba lé e, yóò sì máa bọ́ ọmọ náà títí yóò fi fò lọ. Làálàá tí ẹ̀gà ń ṣe nígbà náà kò dín sí èyí tó ń ṣe fún ọmọ tirẹ̀. Kò díbọ́n. Ìṣirò Hamilton sọ bí irú ọkàn bẹ́ẹ̀ ṣe dé inú ẹ̀dá láti ìran dé ìran. Kò sọ pé ọkàn náà jẹ́ irọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ fún èmi àti ẹ̀yin ẹni tó yẹ ká ràn lọ́wọ́.

Bí ọmọ yín bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí gbogbo èyí, kó dúró di ìgbà tí ìyá oyin bá kú nínú ọ̀kan nínú àwọn àpótí náà, tí wọn kò sì rí òmíràn tọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ẹ ṣí i, kí ẹ sì yọ afárá síta. Ẹ ó rí i pé àwọn oníṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin, ẹni tó ń ṣọ́ ẹlòmíràn kò fi bẹ́ẹ̀ sí mọ́. Ẹ ó rí ẹyin méjì, mẹ́ta, mẹ́rin nínú ihò kan ṣoṣo. Ara ògiri ihò ni ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò lẹ̀ mọ́, torí ìdí oníṣẹ́ kò gùn tó láti kan ìsàlẹ̀ bíi ti ìyá oyin. Ìdérí àwọn ihò náà yóò wú sókè bí ọta ìbọn, torí akọ ni gbogbo ọmọ inú wọn.